Fíláàṣì àti aṣọ ìkélé inú ẹ̀rọ fótò

Ká ní a gbé fótò ìgbéyàwó kan síwájú wa nínú kíláàsì. Ìyàwó dúró lápá ọ̀tún. Aṣọ rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ mọ́, a rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n a kò rí ọkọ tó dúró tì í lápá òsì. Òkùnkùn bo ibi tó wà, bí ẹni pé wọ́n fi èédú kùn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Etí òkùnkùn náà gún bí ìlà tí a fi rúlà fà.

Inú ẹbí ọkọ kò ní dùn. Ẹlòmíràn á ní àmì burúkú ni. Ayafótò á ní fíìmù ló bàjẹ́. Ẹni tó fọ fíìmù á ní fíláàṣì ló kú. Gbogbo wọn ló ṣì í. Fíìmù dára, fíláàṣì dára, kò sì sí àmì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Nọ́ńbà kan wà lórí ẹ̀rọ tí ayafótò kò kà, tàbí tó kà ṣùgbọ́n tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ òní dá lórí nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó bá ti lè ka 30, 60, 125, 250 àti 500, ó ti mọ ìwé tó láti lóye rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn inú ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ fótò, tí àwọn míràn ń pè ní apáréyì, dà bí yàrá kékeré tó ṣókùnkùn. Dígí wà níwájú rẹ̀, fíìmù wà lẹ́yìn. Nínú ẹ̀rọ tòde òní, kò sí fíìmù mọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ bíi fíìmù. Láàárín dígí àti fíìmù, ìlẹ̀kùn kan wà tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì, ìlẹ̀kùn yìí á ṣí, á sì tún tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó tì? Ohun tí nọ́ńbà orí ẹ̀rọ ń sọ nìyẹn. Bí a bá yí i sí 60, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 60, ìlẹ̀kùn sì ṣí fún ọ̀nà kan péré nínú rẹ̀. Bí a bá yí i sí 500, ọ̀nà 500 ni a pín in sí. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi ni àkókò ṣe ń kéré. Ẹ má jẹ́ kí èyí dà yín láàmú. Bí a bá pín iṣu kan fún ènìyàn 60, ìpín olúkúlùkù á kéré. Bí a bá pín in fún ènìyàn 500, ìpín ẹnì kan kò ní kún eyín.

Kí ni a fẹ́ fi àkókò tó kéré bẹ́ẹ̀ ṣe? Ohun tó ń sáré ni a fi ń mú. Bí ọmọdé bá ń sáré níwájú ẹ̀rọ, tí ìlẹ̀kùn sì pẹ́ kó tó tì, ọmọ náà á ti kúrò níbi kan dé ibòmíràn. Àwòrán rẹ̀ á fà bí èéfín. Bí ìlẹ̀kùn bá yára tì, ọmọ náà á dúró sójú kan nínú fótò, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀.

Wàyí o, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a lè yọ dígí rẹ̀ kí a fi òmíràn sí i, ìlẹ̀kùn yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Aṣọ ìkélé méjì ni. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, aṣọ dúdú ni lóòótọ́. Nínú àwọn mìíràn, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Iwájú fíìmù gan-an ni wọ́n wà. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, aṣọ kìíní á sá kọjá, á ṣí ojú fíìmù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, aṣọ kejì á tẹ̀lé e, á sì bo fíìmù padà. Ìyára kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń sá nígbà gbogbo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé. Bí a bá yí nọ́ńbà kúrò ní 60 sí 500, aṣọ kò ní sá ju bó ṣe ń sá tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí aṣọ kejì gbéra ló yí padà.

Ní 60, aṣọ kìíní á dé òpin ọ̀nà rẹ̀ kí aṣọ kejì tó gbéra. Ìgbà díẹ̀ wà tí gbogbo ojú fíìmù wà ní gbangba. Ní 500, kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ kìíní kò tíì rìn jìnnà tí aṣọ kejì fi gbá tẹ̀lé e. Àlàfo tóóró ló wà láàárín wọn, àlàfo náà sì ń rìn lójú fíìmù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Kò burú bí oòrùn nìkan ni a fi ń ya fótò. Oòrùn kì í ṣẹ́jú. Ibikíbi tí àlàfo bá dé lórí fíìmù, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á bá a níbẹ̀.

Mànàmáná kì í dúró de ẹnìkan

Fíláàṣì kò jọ oòrùn. Mànàmáná ló jọ. Bí fíláàṣì kékeré bá lo gbogbo agbára rẹ̀, a máa tàn fún nǹkan bí ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá lo gbogbo agbára rẹ̀, àkókò náà tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Ẹ rántí alẹ́ òjò. Mànàmáná kọ. Fèrèsé wà ní ṣíṣí gbayawu, gbogbo yàrá sì mọ́lẹ̀ dé kọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé aṣọ bo ìdajì fèrèsé nígbà tí mànàmáná kọ ńkọ́? Ìdajì yàrá á mọ́, ìdajì á ṣókùnkùn. Ẹ lè fa aṣọ náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mànàmáná ti lọ.

Ohun tó bá ọkọ ìyàwó nìyẹn. Inú ilé ni wọ́n wà, kò sí oòrùn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ayafótò jẹ́ irú èyí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá 60 bí a bá ń lo fíláàṣì. Ó yí i sí 125. Nígbà tí fíláàṣì tàn, aṣọ kejì ti bo apá kan fíìmù. Ká ní ó yí i sí 500 ni, ìlà tóóró kan ni ìbá mọ́lẹ̀ nínú gbogbo fótò náà.

Ẹ lè fi òkùnkùn náà mọ irú aṣọ tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Bí ẹ bá di ẹ̀rọ mú ní ìbú, tí òkùnkùn sì wà lápá òsì tàbí ọ̀tún fótò, aṣọ tó ń sá ní ìbú ni. Bí òkùnkùn bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀, irin tó ń sá ní òró ni. Irin tó ń sá ní òró kì í rìn jìnnà, nítorí pé gíga fíìmù kò tó ìbú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi sábà máa ń gba nọ́ńbà tó tóbi jù.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn ayafótò jẹ. Ní ìta, nínú oòrùn, òkùnkùn yìí kì í dúdú bí èédú. Oòrùn ti fi ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ sí gbogbo fíìmù, ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì nìkan ni kò dé apá kan. Ẹni méjì á dúró pọ̀ lábẹ́ oòrùn kan náà, ojú ẹnì kan á mọ́, ojú èkejì á dúdú lábẹ́ fìlà. Ayafótò á rò pé bí wọ́n ṣe dúró ló fà á.

Wíwá nọ́ńbà ẹ̀rọ yín

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó mọ. Ẹ̀rọ Zenit E, tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà, kò gbọ́dọ̀ kọjá 30. Pentax K1000, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1976, kò gbọ́dọ̀ kọjá 60, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlẹ̀kùn rẹ̀ lè yára dé 1000. Nikon FM gba 125. Nikon FM2 tó jáde ní 1982 gba 200, nígbà tó ṣe wọ́n tún un ṣe títí ó fi gba 250. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí kò ní fíìmù dúró ní àyíká 200 tàbí 250.

Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ pupa kọ nọ́ńbà yìí, tàbí kí wọ́n fi lẹ́tà X sí i, tàbí àmì mànàmáná kékeré. Ẹ wá a lórí ibi tí a ti ń yí nọ́ńbà. Nọ́ńbà tó bá kéré ju èyí lọ kò ní gé fótò. Nọ́ńbà tó bá tóbi jù ú lọ ni yóò gé e.

Bí àmì náà bá ti pa rẹ́, ẹ má ṣe fi fíìmù oníbàárà dán an wò. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ nígbà tí kò sí fíìmù nínú rẹ̀. Ẹ fẹ ihò dígí dé ibi tó fẹ̀ jù. Ẹ kọjú ẹ̀rọ àti fíláàṣì sí ògiri funfun nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kì í ṣe sí ojú ara yín. Ẹ máa wo inú ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kún ojú fèrèsé náà láti igun dé igun, nọ́ńbà yẹn dára. Ẹ yí i sí èyí tó tẹ̀lé e, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé fèrèsé kò kún mọ́, ẹ ti kọjá ààlà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò sì ná yín ní ohunkóhun bí kò ṣe píìlì díẹ̀.

Òru Ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Bí ẹnìkan bá bi wá pé níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, a óò ní níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ohun ìní tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde rẹ̀ pé ó wà lára àwọn iṣẹ́ ńlá tí ọmọ ènìyàn ń fi ẹnu àti ìṣe pa mọ́, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀. Àwọn arúgbó tó mọ ijó náà dáadáa kò ní wà pẹ̀lú wa títí ayé. Fótò wọn ni àwọn ọmọ yóò bá. Kò sì sí ayafótò tó lè sọ fún oníjó pé kó dá ẹsẹ̀ yẹn padà, nítorí ìdajì fótò òun ṣókùnkùn.

Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ ló ń jáde. Ó ń kọrin, ó ń bá ìlú wí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó ní ojú ọjà, ní méjì méjì, pẹ̀lú irin tó ń dún lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ wọn yára, ó ń bá ìlù lọ. Ayafótò kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n òfin òru yàtọ̀ sí ti ọ̀sán.

Ní òru, ọmọṣẹ́ lè bi ọ̀gá rẹ̀ pé:

— Ọ̀gá, ẹsẹ̀ wọn yára púpọ̀. Ṣé kí n yí i sí 500?

— Rárá, ọmọ mi. Fi í sí 60. Fíláàṣì ló máa mú ẹsẹ̀ wọn dúró, kì í ṣe ìlẹ̀kùn.

Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Nínú òkùnkùn, fíìmù kò rí nǹkan kan kí fíláàṣì tó tàn, kò sì rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí fún ìgbà pípẹ́, ìgbà kékeré tí fíláàṣì tàn nìkan ni fótò náà mọ̀. Harold Edgerton, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, lo ọgbọ́n yìí ní àwọn ọdún 1930 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi iná tó ń tàn fún ìgbà kékeré gan-an ya ẹ̀kán wàrà tó bọ́ sílẹ̀, wàrà náà sì yọ yí ká bí adé ọba. Ojú ènìyàn kò lè rí i bẹ́ẹ̀ láéláé. Kì í ṣe ìlẹ̀kùn tó yára ló fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún iná mànàmáná tí wọ́n bá gbé kọ́ ojú agbo. Bó bá mọ́lẹ̀ púpọ̀, tí ẹ sì fi nọ́ńbà sí 15 tàbí 8, iná náà á kùn ẹsẹ̀ oníjó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ óò rí ẹsẹ̀ tó dúró dáadáa, ẹ óò sì rí òjìji bàìbàì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Inú aṣọ ni ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń wo ọ̀nà, igi wíwúwo sì wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá tan fíláàṣì sí i lójú láti ìtòsí ní òru, kò ní rí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Kí ẹ sì tó yọ ẹ̀rọ jáde rárá, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ Ìyálàṣẹ̀ tàbí àwọn tó dúró fún un. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ má yà, ẹ má yà á.

Ní ọ̀sán, nǹkan yí padà. Oòrùn ń tàn sórí oníjó ní gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà sí 60, oòrùn á fa ẹsẹ̀ wọn bí èéfín. Ẹ nílò 500, ó kéré jù. Ẹni tó bá fẹ́ ya ẹsẹ̀ nìkan, kó pa fíláàṣì, kó lo 500, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹnìkan á fi fẹ́ fíláàṣì nínú oòrùn? Nítorí ojú ni. Ní ọ̀sán gangan, orí wa ni oòrùn wà. Gèlè, fìlà àti ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń da òjìji sórí ojú, ihò ojú á sì dà bíi kànga. Ara dúdú nínú òjìji, aṣọ funfun nínú oòrùn: fíìmù kì í lè gba méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ń ya fótò ní Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, níbi tí Samuel Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sílẹ̀ ní 1947. Bí àwọn ọmọ ìjọ náà bá jáde nínú aṣọ funfun wọn ní ọ̀sán, aṣọ á mọ́ dáadáa nínú fótò, ojú á sì ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kò fi ní dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Fíláàṣì díẹ̀ á gbé ìmọ́lẹ̀ wọ inú òjìji yẹn.

Ìṣirò kékeré kan

Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ wá sí ojú pátákó. Inú dígí ẹ̀rọ ní ihò kan tí a lè fẹ̀ tàbí kí a sún un pọ̀. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 4, 5.6, 8, 11, 16, 22. Níbí náà, nọ́ńbà tó tóbi ni ihò tó kéré. Lábẹ́ oòrùn tó mú, pẹ̀lú fíìmù 100, ayafótò lè fi ìlẹ̀kùn sí 125, kó fi ihò sí 16. Bó bá yí ìlẹ̀kùn sí 60, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ ní ìlọ́po méjì, ó gbọ́dọ̀ sún ihò pọ̀ sí 22. Bó bá yí i sí 250, ihò á di 11. Bó bá yí i sí 500, ihò á di 8.

Fíláàṣì náà ní nọ́ńbà agbára tirẹ̀, tó wà lára rẹ̀ tàbí nínú ìwé tó bá a wá. Ẹ jẹ́ kí a mú fíláàṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 28 fún fíìmù 100. Bí a bá fi nọ́ńbà ihò pín 28, èsì rẹ̀ ni iye mítà tí iná náà lè dé.

Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ihò wà ní 5.6. A fi 5.6 pín 28, ó jẹ́ mítà 5. Ó tó láti dúró sẹ́yìn agbo. Ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dúró ní 60, ihò gbọ́dọ̀ wà ní 22. A fi 22 pín 28, ó jẹ́ mítà kan àti díẹ̀. Ta ló lè dúró ní mítà kan sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń jó? Pẹ̀lú ẹ̀rọ tó gba 250, ihò á wà ní 11, iná á dé nǹkan bíi mítà 2 àbọ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá wà tó lè lo fíláàṣì ní 500, ihò á wà ní 8, iná á dé mítà 3 àbọ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí. Fíláàṣì kan náà ni, píìlì kan náà ni. Ìlẹ̀kùn tó yára ló jẹ́ kí a lè fẹ ihò sí i, ihò tó fẹ̀ ló sì jẹ́ kí iná jìnnà. Fún ìtànṣán díẹ̀ sínú òjìji, iná kò tilẹ̀ ní láti tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì rẹ̀ tó, ojú á sì dára jù, nítorí pé fíláàṣì tó bá lágbára ju oòrùn lọ máa ń jẹ́ kí ènìyàn dà bí ère tí a gbé kalẹ̀ síwájú àwòrán.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà yọ ọ́

Ọ̀nà kìíní ti pẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan kò ní aṣọ ìkélé. Inú dígí ni ìlẹ̀kùn wọn wà, ewé irin kéékèèké ni. Wọ́n ń ṣí láti àárín bí òdòdó, wọ́n sì ń padé padà sí àárín. Bó ti wù kó yára tó, ìgbà kan wà tí ihò náà ṣí pátápátá, tí gbogbo fíìmù sì rí ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gba fíláàṣì ní gbogbo nọ́ńbà rẹ̀. Yashica Mat, ẹ̀rọ olójú méjì tí a ń wò láti òkè, gbà á títí dé 500. Hasselblad 500C tó jáde ní 1957 gbà á títí dé 500 bákan náà. Ẹni tó bá rí irú Yashica bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá rẹ̀, tí ewé irin rẹ̀ ṣì ń ṣí, kí ó má fi tọrẹ. Fún fíláàṣì ní ọ̀sán, ó ṣì sàn ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti fíláàṣì fúnra rẹ̀. Bí aṣọ bá ń rìn, kí ló dé tí iná kò fi ní dúró dè é? Nígbà tí àwọn ayafótò ń lo gílóòbù tó ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ṣe irú kan tó ń jó pẹ́, kí iná rẹ̀ lè wà títí àlàfo yóò fi kọjá. Wọ́n ń pè é ní FP. Nígbà tí fíláàṣì oníná mànàmáná gba ipò rẹ̀, ọgbọ́n yẹn sọnù fún ìgbà kan. Ní ọdún 1986, Olympus ti Japan mú un padà pẹ̀lú fíláàṣì F280, tó lè bá ẹ̀rọ OM wọn ṣiṣẹ́ títí dé 2000. Lónìí, ọ̀pọ̀ fíláàṣì ló ní in. Ẹ óò rí lẹ́tà HSS tàbí FP lára wọn.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ wo àwọn tó ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ẹnì kan lè da garawa omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pọ́ọ̀! Fíláàṣì lásán nìyẹn. Ẹlòmíràn lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí agolo, ó ń rìn lórí ebè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi sì ń ro ní kíkán kíkán. HSS nìyẹn. Iná náà ń ṣẹ́jú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé kò kú rárá kí àlàfo tó parí ìrìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi agolo kì í pọ̀ lórí ẹ̀fọ́ kan bíi ti garawa. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta fíláàṣì kì í sọ̀rọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣubú sórí aṣọ ìkélé, kò dé ojú fíìmù. Bí ẹ bá gbé nọ́ńbà láti 500 sí 1000, ìmọ́lẹ̀ HSS tó dé fíìmù á dín ní ìdajì. Ẹ lè fẹ ihò sí i láti dí i, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ ni ẹ padà sí: iná kò jìnnà sí i. HSS kò fún wa ní mítà 3 àbọ̀ tí ẹ̀rọ eléwé irin fún wa. Ohun tó fún wa ni ẹsẹ̀ tó dúró, ojú tó mọ́, àti ihò tó fẹ̀ tó ń jẹ́ kí ohun ẹ̀yìn rọra parẹ́. Fún fótò ojú ènìyàn ní ìtòsí, ó dára púpọ̀. Fún agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ má fi owó ṣòfò. Ó tún ń jẹ píìlì, ó sì ń mú orí fíláàṣì gbóná bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra.

Ní ọdún 2023, Sony kéde ẹ̀rọ kan, a9 III, tí kò ní aṣọ ìkélé rárá. Gbogbo ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń ṣí, tó sì ń tì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè lo fíláàṣì dé 80000. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó ayafótò abúlé. Ní ti iná kékeré ẹ̀yìn fóònù, kì í ṣe fíláàṣì ní tòótọ́. Tọ́ọ̀ṣì ni: ó ń tàn pẹ́, ó sì rẹlẹ̀. Ní ọ̀sán, oòrùn á gbé e mì.

Bí ẹ̀rọ 60 nìkan lẹ bá ní

Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ọ̀gá tàbí bàbá wọn fi sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, Leonce Raphael Agbodjelou, tí a bí ní 1965 tí orúkọ rẹ̀ sì ti dé òkè òkun, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Joseph Moïse Agbodjelou, ló ti kọ́ iṣẹ́ fótò.

Ẹ mú àwọn ènìyàn kúrò nínú oòrùn lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti dín kù, ẹ lè fẹ ihò sí i, fíláàṣì ní 60 á sì dé ibi tó yẹ. Bí kò bá sí igi, ẹ dúró di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó ń wọ abẹ́ fìlà fúnra rẹ̀. Ẹ sì má gàn aṣọ funfun. Kí ọmọṣẹ́ méjì na aṣọ funfun ńlá kan níwájú ẹni tí ẹ ń yà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ti ń bọ̀ wá bá aṣọ náà, kí wọ́n máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bọ́ sí i lójú. Aṣọ yẹn kò lo píìlì. Kò ní nọ́ńbà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dúró bíi ti oòrùn. Ẹ lè yí ìlẹ̀kùn sí 500 tàbí 1000 bó ti wù yín. Lójú tèmi, òun ni mo máa kọ́kọ́ kọ́ ọmọṣẹ́, kí n tó fi fíláàṣì lé e lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ti mọ nọ́ńbà ẹ̀rọ yín, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ẹ kọ ọ́ kó tóbi, kó sì dúdú dáadáa, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í pọ̀ ní òru Ẹ̀fẹ̀.